Elégédé Lẹ́nu Ọ̀nà

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2018, mo lọ kí àbúrò mi obìnrin ní ìpínlẹ̀ Maryland ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ìyá wa ti wà lọ́dọ̀ rẹ̀ láti ìparí oṣù kẹjọ, nígbà tí ewé orí igi ṣì tutù yọ̀yọ̀, tí ilẹ̀ kì í sì í tètè ṣú. Ní ọjọ́ kẹta tí mo débẹ̀ ni mo ṣàkíyèsí pé Màmá kì í gba ẹnu ọ̀nà iwájú wọlé. Bí a bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, tí gbogbo wa ń gun àtẹ̀gùn iwájú ilé, òun yóò rọra yà sí ẹ̀gbẹ́ kan, yóò gba inú ilé ọkọ̀ kọjá láàárín kẹ̀kẹ́ àwọn ọmọ àti agolo ọ̀dà, títí yóò fi já sí ilé ìdáná. Àbúrò mi rò pé orúnkún ni ó ń yọ ọ́ lẹ́nu. Nígbà tí mo bi Màmá léèrè, ó wò mí bí ẹni tí ń wo ọmọ tí kò gba ẹ̀kọ́ ilé. Ó ní, "Ṣé ìwọ náà kò rí i ni? Wọ́n ti pààlè sí ẹnu ọ̀nà."

Ohun tí ó rí ni àgbàdo gbígbẹ mẹ́ta, oríṣi tí hóró rẹ̀ jẹ́ aláwọ̀ pupa, dúdú àti ìyeyè, tí wọ́n fi háríhá wọn so pọ̀, tí wọ́n sì fi ọ̀já pupa gbé kọ́ sí àárín ilẹ̀kùn. Lábẹ́ rẹ̀, lórí àtẹ̀gùn, elégédé mẹ́ta jókòó ní ìtẹ̀léra, ńlá, àárín àti kékeré, bí ìyá àti àwọn ọmọ rẹ̀.

Ẹni tí ó bá ti rìn ní oko Yorùbá kò ní fi Màmá ṣe ẹlẹ́yà. Ṣùkù àgbàdo, àkísà pupa, ìkarahun ìgbín, àlòkù bàtà, òòyà tí eyín rẹ̀ ti kán: ìwọ̀nyí ni olóko ń so mọ́ ara igi ọsàn, tàbí tí ó ń gbé lé orí ìdì igi ìdáná tí kò tíì ráyè rù lọ sílé. Olóko kò sí níbẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ rẹ̀ wà níbẹ̀. Ẹni tí ó bá rí i mọ̀ pé nǹkan náà ní olówó, ó sì mọ̀ pé ohun tí ó bá ẹni tí ó fọwọ́ kàn án kò ní dára. Bẹ́ẹ̀ náà ni màrìwò ọ̀pẹ tí a ta sí ẹnu ọ̀nà igbó ìgbàlẹ̀ tàbí ojúbọ. Ewé lásán ni, síbẹ̀ kò sí ògbẹ̀rì tí yóò gba abẹ́ rẹ̀ wọlé. Ní ilẹ̀ tiwa, ewé àti àgbàdo tí a so kọ́ sí ojú ọ̀nà, "dúró" ni wọ́n sábà máa ń wí.

Àbúrò mi bú sẹ́rìn-ín nígbà tí ó gbọ́. Ó ṣàlàyé fún Màmá pé ìdàkejì gan-an ni ìtumọ̀ rẹ̀ níhìn-ín, pé ó ń kí àlejò káàbọ̀ ni, pé ó ń sọ pé ìgbà ìwọ́wé ti dé, ìkórè sì ti wọlé. Màmá tẹ́tí sílẹ̀ títí ó fi parí. Lẹ́yìn náà ni ó béèrè ìbéèrè kan ṣoṣo: "Ta ni ẹ ń sọ ọ́ fún?"

Àbúrò mi kò tètè rí èsì. Èmi náà kò rí i. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń gbé ìbéèrè náà kiri.

Láti oṣù kẹsàn-án títí di ìparí oṣù kọkànlá ni àwọn ará Amẹ́ríkà ń fi ọ̀ṣọ́ ìgbà ìwọ́wé sí ilé wọn. Àwọn ìwé àtìgbàdégbà tí wọ́n ń tà lẹ́bàá ibi ìsanwó ní àwọn ilé ìtajà kún fún ìmọ̀ràn lórí rẹ̀. Gbé elégédé sí orí àtẹ̀gùn. So pòròpórò mọ́ òpó ọ̀dẹ̀dẹ̀. Hun ewé pupa àti èso gbígbẹ ní róbótó bí òṣùká, kí o sì gbé e kọ́ sí ara ilẹ̀kùn. Fi kúbùsù lé apá àga, tan àbẹ́là, pààrọ̀ aṣọ tìmùtìmù sí àwọ̀ ilẹ̀ àti àwọ̀ obì. Gbogbo rẹ̀, wọ́n ní, kò ṣòro, kò sì gbówó lórí. Ìlérí wọn ni pé ilé yóò tura, ara yóò sì rọ onílé.

Mo ti ka irú ìmọ̀ràn bẹ́ẹ̀ púpọ̀, mo sì jẹ́wọ́ pé ẹ̀rín ni mo kọ́kọ́ fi ń rín. Ṣùgbọ́n ohun tí ogunlọ́gọ̀ ènìyàn ń fi ọwọ́ ara wọn ṣe lọ́dọọdún kì í ṣe ohun tí lámèyítọ́ lè fi ẹ̀rín kọjá. Iṣẹ́ ọnà ni ọ̀ṣọ́ ilé, bí kò tilẹ̀ sí ẹni tí ń kọ orúkọ rẹ̀ sí ìdí rẹ̀. Ó tọ́ kí á yẹ̀ ẹ́ wò gẹ́gẹ́ bí a ti ń yẹ ewì àti ère wò, kí á yin èyí tí ó tọ́ sí ìyìn, kí á sì bá èyí tí ó kùnà wí. Ìbéèrè Màmá ni n ó fi ṣe òṣùwọ̀n.

Ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ láti orí elégédé fúnra rẹ̀. Ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti pẹ́ tí àwa náà ti ń jẹ ewé àti èso rẹ̀ débi pé a ti fi ṣe tiwa. Kí elégédé tó di ohun tí wọ́n ń gbẹ́ ojú àti eyín sí lára ní alẹ́ ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù kẹwàá, gbòǹgbò róbótó kan tí wọ́n ń pè ní turnip ni àwọn ará Ireland àti Scotland ń gbẹ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn tí wọ́n ṣí lọ sí Amẹ́ríkà rí elégédé níbẹ̀, wọ́n rí i pé ó tóbi jù, ó sì rọrùn láti gbẹ́ jù, wọ́n sì yí ọwọ́ padà. Kí ni iṣẹ́ ojú burúkú náà? Ìgbàgbọ́ wọn ni pé àwọn iwin ń rìn kiri ní alẹ́ ọjọ́ yẹn, ojú tí iná ń tàn nínú rẹ̀ yóò sì lé wọn sá kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Àálè ni nígbà náà! Màmá kò ka àmì náà ní àkàtúnkà. Ó kàn kà á bí ẹni tí ó dàgbà ju àwọn tí wọ́n gbé e kọ́ ni.

Elégédé tí wọn kò gbẹ́ ojú sí ní ìtàn mìíràn. Èyí bá ọjọ́ ìdúpẹ́ rìn, àjọ̀dún ìkórè tí Ààrẹ Lincoln kéde ní ọdún 1863, nígbà tí ogun abẹ́lé ń jà lọ́wọ́, lẹ́yìn tí obìnrin olóòtú ìwé àtìgbàdégbà kan, Sarah Josepha Hale, ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ lẹ́tà sí àwọn aláṣẹ lórí ọ̀rọ̀ náà. Ní ọdún 1941 ni òfin fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ sí Ọjọ́bọ̀ kẹrin oṣù kọkànlá. Pòròpórò lára òpó, ìdì koríko gbígbẹ, elégédé lórí àtẹ̀gùn: àmì àgbẹ̀ ni gbogbo wọn. Wọ́n ń wí pé abà kún, kí òtútù máa bọ̀ bí ó bá fẹ́.

Ibí yìí ni àríwísí tí ó rọrùn jù lọ wà, mo sì mọ̀ pé àwọn ọ̀rẹ́ mi kan yóò ti ṣe é kí n tó la ẹnu. Nọ́ọ̀sì ni àbúrò mi. Iṣẹ́ alẹ́ ni ó ń ṣe. Kò gbin àgbàdo, kò sì ro ebè kan. Ẹnu ọ̀nà ilé ìtajà ńlá kan ni ó ti rí elégédé náà tí wọ́n kó jọ bí òkìtì, ó sanwó, ó gbé wọn sínú ọkọ̀. Ìkórè ta ni ó wá ń kéde? Bí akéwì kan bá ń ki oríkì ìlà tí kì í ṣe tirẹ̀, ṣé a kò ní bi í pé ọmọ ta ni?

Mo bi í. Ohun tí ó sọ fún mi ni ó mú mi dẹ́kun ẹ̀rín. Ó ní ní ọdún tí wọ́n kọ́kọ́ kó dé àdúgbò náà, ilẹ̀kùn tiwọn nìkan ṣoṣo ni kò sí nǹkan kan lára rẹ̀ ní gbogbo òpópónà. Aládùúgbò kan dá ọkọ rẹ̀ dúró níwájú ilé, ó sì bi í bóyá ó mọ ẹni tí ó ni ilé náà, nítorí òun rò pé ó ṣófo. Ilé tí wọ́n ti sùn sí fún oṣù mẹ́ta! Ní ọjọ́ kejì ni àbúrò mi lọ ra elégédé àkọ́kọ́. Ó ní kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, obìnrin òdìkejì títì ti na ọwọ́ sí i láti ojú fèrèsé.

Èsì ìbéèrè Màmá nìyẹn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó pẹ́ kí ó tó dé. Àwọn aládùúgbò ni wọ́n ń sọ ọ́ fún. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìkórè rárá. Ohun tí elégédé náà ń wí ni pé: ènìyàn ń gbé níhìn-ín, ojú wa là, a mọ ìgbà tí a wà. Àrokò ni, kò sì yẹ kí á máa bi àrokò pé ọwọ́ ta ni ó gbin owó ẹyọ inú rẹ̀. Ẹni tí ó fi ránṣẹ́ àti ẹni tí a fi ránṣẹ́ sí ni ó ṣe pàtàkì, àti pé kí àwọn méjèèjì mọ èdè náà. Fún ìdílé aláwọ̀ dúdú tí ó ti òkèèrè wá, tí àwọn ènìyàn lè wo ilé wọn kí wọ́n sì rò pé kò sí ẹnìkan nínú rẹ̀, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọ̀ṣọ́ lásán ni ọ̀rọ̀ náà.

Ilẹ̀kùn tí ń sọ̀rọ̀ kì í sì í ṣe àjèjì sí wa. Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ gbẹ́ ilẹ̀kùn kan fún ààfin Ògògà Ìkẹ́rẹ́ ní Èkìtì. Ní apá kan, ọba jókòó lórí ìtẹ́, olorì dúró lẹ́yìn rẹ̀. Ní apá kejì, òyìnbó aláṣẹ ń bọ̀, àwọn ènìyàn gbé e lérí. Ẹni tí ó bá fẹ́ wọ ààfin yóò ti ka ìtàn ìpàdé náà kí ó tó kan ìyẹ̀wù ọba, yóò sì ti mọ ẹni tí ó jókòó àti ẹni tí ó wá bá a. Ní ọdún 1924 wọ́n gbé ilẹ̀kùn náà lọ sí ìpàtẹ ńlá ní Wembley ní ìlú London. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé British Museum fẹ́ ẹ, Ògògà sì gbà láti fi í ṣe pàṣípààrọ̀ fún ìtẹ́ tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó wà lọ́dọ̀ wọn di òní olónìí. Iṣẹ́ Ọlọ́wẹ̀ kò dín ẹwà kù níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn tí kò ṣí sí ibì kankan, tí ẹnikẹ́ni kò sì gbà á wọlé mọ́, ta ni ó ń sọ ọ́ fún?

Nítorí náà mo ti fọwọ́ sí elégédé. Èyí tí n kò lè fọwọ́ sí ni ẹ̀dà oníke rẹ̀. Ní òpópónà àbúrò mi kan náà, ilé méjì wà tí elégédé wọn jẹ́ ike, tí ewé ẹnu ọ̀nà wọn sì jẹ́ aṣọ tí wọ́n fi ọ̀dà kùn. Láti ọ̀nà jíjìn ojú kò lè mọ ìyàtọ̀. Ìyàtọ̀ náà wà nínú ìgbà. Bí òtútù bá ti mú elégédé gidi lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta, ara rẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀, ọ̀kẹ́rẹ́ yóò lu ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, yóò sì máa rẹlẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí onílé yóò fi gbé e dànù. Ohun tí ewé ń ṣe lórí igi ni òun náà ń ṣe lórí àtẹ̀gùn. Ike kò mọ èyí. Wọn yóò nu eruku ara rẹ̀, wọn yóò sì dá a padà sínú páálí títí di ọdún tí ń bọ̀. Ọ̀ṣọ́ ìgbà tí kò lè bá ìgbà lọ, irọ́ ni, bí ó ti wù kí ọ̀dà rẹ̀ jọ òótọ́ tó.

Àwọn obìnrin olórìṣà tí ń kun ògiri ojúbọ Òrìṣà Ìkirè ní Ilé-Ifẹ̀ mọ ohun tí mo ń wí. Bí ọdún òrìṣà bá ti ń súnmọ́, wọ́n á fi funfun, pupa àti dúdú tí wọ́n rí láti inú ilẹ̀, ewé àti èédú kun ògiri náà lákọ̀tun, wọ́n á sì kùn ún lé orí àwòrán ọdún tí ó kọjá láìṣàánú rẹ̀. Ẹni tí ń kó iṣẹ́ ọnà pamọ́ lè máa sunkún àwọn àwòrán tí ó wà nísàlẹ̀. Àwọn tí wọ́n kùn ún kò sunkún. Òrìṣà wọn ń retí tuntun.

Títí di ibí yìí, ìta ni a wà. Inú ilé ni ọ̀rọ̀ ti wá le, nítorí ibẹ̀ ni ìlérí àwọn ìwé náà wà, pé ilé yóò tura. Mo sì ní láti sọ ọ́ bí ó ti rí: ní ìparí oṣù kẹwàá ọdún yẹn, ilé àbúrò mi kò tura fún Màmá. Kì í ṣe pé ó tutù. Ẹ̀rọ amúlémóoru ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru. Ewé ti wọ́, igi ti di egungun. Ní alẹ́ ọjọ́ àìkú àkọ́kọ́ oṣù kọkànlá wọ́n dá aago padà sẹ́yìn ní wákàtí kan gẹ́gẹ́ bí òfin wọn, ó sì di pé oòrùn ń wọ̀ ní nǹkan bí aago márùn-ún. Lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, Màmá yóò wọ yàrá rẹ̀ lọ, yóò ti ilẹ̀kùn. Bí a bá pè é síta, á ní, "Ẹ máa ṣeré yín. Ilé yìí ti kú."

Àbúrò mi ṣe gbogbo ohun tí ìwé wí. Ó ra tìmùtìmù aláwọ̀ obì. Ó fi ewé aṣọ ṣe ẹ̀gbà sí etí tábìlì. Ó tan àbẹ́là tí wọ́n kọ orúkọ elégédé sí lára, bẹ́ẹ̀ òórùn elégédé kọ́ ni, òórùn kànáfùrù, atalẹ̀ àti àwọn èròjà tí wọ́n máa ń fi sínú àkàrà elégédé ni. Màmá sín lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó ní kí wọ́n jọ̀wọ́ pa á.

Mo ronú kan ìwé méjì ní àkókò náà. Èkíní ni The American Woman's Home, tí Catharine Beecher àti àbúrò rẹ̀ Harriet Beecher Stowe, ẹni tí ó kọ Uncle Tom's Cabin, jọ tẹ̀ jáde ní ọdún 1869. Orí kan wà nínú rẹ̀ lórí ọ̀ṣọ́ ilé. Wọ́n gba obìnrin tí owó rẹ̀ kò pọ̀ níyànjú pé kí ó fi kápẹ́ẹ̀tì olówó iyebíye sílẹ̀, kí ó fi owó náà ra ẹní, ìwé ara ògiri àti aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ fún fèrèsé, kí ó fi aṣọ bo àpótí kí ó di ìjókòó, kí ó sì fi ẹ̀ka igi àti èso gbígbẹ inú igbó ṣe férémù àwòrán. Ọgbọ́n ń bẹ nínú ìwé náà, ojú àánú sì ń bẹ níbẹ̀. Bí mo bá gbé e lé ẹ̀gbẹ́ ìwé àtìgbàdégbà òde òní, ohun kan hàn sí mi gedegbe. Ọ̀rọ̀ náà, pé ọ̀ṣọ́ kan "rọrùn", ti yí ìtumọ̀ padà. Lọ́dọ̀ àwọn Beecher, ó túmọ̀ sí pé ọwọ́ rẹ lè ṣe é. Lónìí, ó túmọ̀ sí pé o lè rí i rà. Tìmùtìmù aláwọ̀ obì kò béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni nínú ilé yẹn ju owó lọ, ó sì dà bí ẹni pé Màmá mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Èkejì ni àròkọ tí Edgar Allan Poe kọ ní ọdún 1840, tí ó pè ní The Philosophy of Furniture. Poe, tí gbogbo ayé mọ̀ fún ìtàn abanilẹ́rù, jókòó ó kọ àríwísí gbígbóná nípa pálọ̀ àwọn ará Amẹ́ríkà! Ohun tí ó bínú sí jù lọ ni ìmọ́lẹ̀ tí ń gúnni lójú: iná gáàsì àti dígí tí ń kọ mànà káàkiri yàrá. Àtùpà kan tí ó ní ìbòrí dígí tí kò mọ́ gaara, tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń rọra bọ́ sílẹ̀, ni ó fẹ́. Mo gbà pẹ̀lú rẹ̀ pátápátá, ṣùgbọ́n ìdí tèmi kì í ṣe tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìwòye ojú ni ó ń sọ. Èmi rántí ọyẹ́.

Ní ìgbà ọyẹ́ nígbà tí a wà lọ́mọdé, ẹnikẹ́ni kò so nǹkan kan mọ́ ilẹ̀kùn láti mú ilé tura. Ètè wa là, ẹsẹ̀ wa funfun, afẹ́fẹ́ ń gba abẹ́ páànù wọlé. Iná ni wọ́n ń dá sí àgbàlá, wọ́n á sì sun iṣu sínú rẹ̀. Bí a bá wọlé, wọ́n á gbé àtùpà sílẹ̀ẹ́lẹ̀, a ó sì jókòó yí i ká. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kò kọjá orúnkún ẹni tí ó jókòó kejì. Òkùnkùn ni ó kún ìyókù yàrá náà, nítorí òkùnkùn náà ni a sì ṣe ń sún mọ́ ara wa. A lè jókòó sí ẹ̀bá iná. A lè jókòó sí ẹ̀bá àtùpà. Kò sí ẹni tí ó lè jókòó sí ẹ̀bá gílóòbù òkè àjà. Ibi gbogbo ni ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ dé bákan náà, nítorí náà kò sí ibì kan tí ó dára láti jókòó sí ju ibòmíràn lọ, olúkúlùkù á sì wá igun tirẹ̀ lọ.

Ní pálọ̀ àbúrò mi, gílóòbù mẹ́fà ni ó wà lókè àjà. Ní alẹ́ ọjọ́ kejì tí wọ́n dá aago padà, mo pa wọ́n. Mo gbé fìtílà kékeré kan láti yàrá àwọn ọmọ wá, mo gbé e sórí àpótí tí kò ga lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga, mo sì ta kọ́tìnnì. Kò ná wa ní kọ́bọ̀. Àwọn ọmọ ni wọ́n kọ́kọ́ sún wá síbẹ̀ pẹ̀lú ìwé wọn. Lẹ́yìn nǹkan bí ìdajì wákàtí, ilẹ̀kùn yàrá Màmá ṣí díẹ̀. Ó ní kí ni ó dé tí ẹ pa iná, ṣé wọ́n ti mú iná lọ ní Amẹ́ríkà náà ni? Ó jókòó láti gbọ́ èsì, kò sì dìde mọ́ títí àwọn ọmọ fi lọ sùn.

Inú mi dùn ju bí ó ti yẹ lọ, mo sì rò pé mo ti mọ̀ ọ́n. Ọ̀rọ̀ aṣọ ni ó wá dá mi padà sí àyè mi.

Ọmọbìnrin àbúrò mi tí ó dàgbà jù jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún nígbà náà, ojú rẹ̀ sì mọ ọnà. Ó ti kà á pé aṣọ àjogúnbá ni ọ̀ṣọ́ tí ó dára jù fún ẹ̀yìn àga ní ìgbà ìwọ́wé. Nínú àpótí Màmá ni ó ti rí agbádá sányán bàbá wa. Ẹ̀yin òǹkàwé mi tí ẹ mọ sányán, ẹ mọ àwọ̀ rẹ̀: àwọ̀ ewé tí ó ti gbẹ tí oòrùn sì wà lára rẹ̀, èyí tí àwọn ìwé náà ń wá kiri tí wọn kò rí. Ọmọ náà ká a dáadáa, ó tẹ́ ẹ sí ẹ̀yìn àga lẹ́bàá fìtílà náà. N kò tíì rí ohun tí ó bá yàrá mu tó bẹ́ẹ̀ rí. Mo yìn ín. Mo tilẹ̀ ń wá ọ̀rọ̀ tí n ó fi kọ ọ́ sílẹ̀.

Màmá jáde, ó dúró. Ó ní, "Bàbá yín ni ẹ gbé kọ́ sí ẹ̀yìn àga yẹn?"

Kò pariwo. Ó gbé aṣọ náà, ó gbọn eruku tí kò sí lára rẹ̀, ó sì wọlé. Ọmọ náà sunkún. Ìyá rẹ̀ ní ọjọ́ orí ni, pé kí a má ka Màmá sí. Ṣùgbọ́n lójú tèmi, àríwísí tí ó jinlẹ̀ jù lọ tí mo gbọ́ nípa ọ̀ṣọ́ ilé nìyẹn. Ojú ọmọ náà tọ́, àwọ̀ tọ́, ibi tí ó tẹ́ ẹ sí tọ́. Ẹni tí ó ni aṣọ ni wọ́n yọ kúrò nínú rẹ̀ kí ó tó lè dára tó bẹ́ẹ̀. Ohun tí ilẹ̀kùn Ọlọ́wẹ̀ ń fojú rí ní London ni aṣọ bàbá wa fẹ́ fojú rí ní pálọ̀ ọmọ rẹ̀, èmi tí mo sì ń bínú lórí ti ìṣáájú ni mo ń pàtẹ́wọ́ fún ti ìkẹyìn.

Ọjọ́ mẹ́rin kọjá. Ní alẹ́ ọjọ́ karùn-ún òtútù mú gan-an, afẹ́fẹ́ sì ń han lójú fèrèsé. A wà lẹ́bàá fìtílà bí ó ti di àṣà wa. Màmá wọlé lọ, ó sì padà wá pẹ̀lú sányán náà ní apá. Ó jókòó, ó tú u, ó nà án bo ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì láti orúnkún dé ọmọ ìka. Ẹnikẹ́ni kò sọ̀rọ̀. Ọmọ náà wò mí, mo mi orí fún un pé kí ó máa kàwé rẹ̀ lọ. Nígbà tí ó pẹ́, Màmá fa etí aṣọ náà, ó sì fi bo ẹsẹ̀ ọmọ náà pẹ̀lú.

Ní ọ̀sẹ̀ tí mo máa padà sílé, mo jí ní òwúrọ̀ ọjọ́ Sátidé kan, mo gbọ́ ìró ọ̀bẹ ní ilé ìdáná. Màmá ti la elégédé ńlá náà sí méjì. Ó ti yọ irúgbìn rẹ̀, ó ti fọ̀ ọ́, ó sì ti tẹ́ ẹ sínú àwo pẹrẹsẹ lójú fèrèsé kí ó gbẹ. Ata, àlùbọ́sà àti epo wà nílẹ̀. Ó ní òun ti ń wò ó láti ọjọ́ tí òun ti dé, òun sì ti rí i pé ẹnikẹ́ni kò ní in lọ́kàn láti jẹ ẹ́, pé yóò jẹrà síta bẹ́ẹ̀ ni. Mo bi í bí ó ti ṣe gbé e wọlé, nítorí ó wúwo.

Ó ní ẹnu ọ̀nà iwájú ni òun gbà.